Ìsìnrú ìlú àti iṣẹ́ tíṣà: àwọn ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń bi wá

Igbákejì ọ̀gá ni mí ní ilé-ìwé girama ìjọba kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń darí àwọn àgùnbánirọ̀ sí tí wọ́n bá ti kám̀pù dé, ìbéèrè wọn kì í sì í tán. Àwọn òbí wọn ń pè, àwọn tó ṣì ń retí ìwé ìpè náà ń béèrè. Mo kó èyí tó ń wá lemọ́lemọ́ jọ síbí. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kí ẹni tó bá máa ṣe tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ yàn án, kó sì mọ ìwé tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ọdún kan ìsìnrú ìlú (NYSC) ló kàn gbé e jù sínú iṣẹ́ tí kò múra sílẹ̀ fún.

Ta ló gbọ́dọ̀ sìnrú ìlú, ta ni òfin sì yọ̀ǹda?

Ẹni tó bá gba dìgírì ní yunifásítì tàbí HND ní pólì, tí kò tíì ju ọmọ 30 ọdún lọ lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́, ó gbọ́dọ̀ sìn. Ọjọ́ tí ẹ parí ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè yín. Ẹni tó jáde ní ọmọ 29, tó wá ń ṣòwò títí ó fi di 33, ìsìnrú ìlú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ti ju 30 lọ kó tó jáde máa ń gba ìwé ìdásílẹ̀, ìwé yẹn sì tó fi wá iṣẹ́ bíi ti ẹni tó sìn. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun tàbí ọlọ́pàá ju oṣù mẹ́sàn-án lọ náà wà lára àwọn tí òfin yọ̀ǹda, àti àwọn tí ìjọba àpapọ̀ ti fi oyè orílẹ̀-èdè dá lọ́lá. Àwọn tó kàwé ní part-time kì í lọ. Lẹ́tà tó ń ṣàlàyé pé wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè ni wọ́n máa ń fún wọn. NCE, ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, nìkan kò gbé èèyàn dé kám̀pù mọ́ láti ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gé ọjọ́ orí, ẹ má sì fi kún un. Ìwé-ẹ̀rí ìsìnrú ìlú á máa tẹ̀ lé yín kiri títí dé ìfẹ̀yìntì. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé fáìlì yín wò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá, níbi tí ọjọ́ ìbí ti yàtọ̀, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Kùtọnu ni mo ti kàwé. Ṣé wọ́n á pè mí?

Tó bá jẹ́ yunifásítì tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ni, tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá sì ti yẹ ìwé yín wò tó gbà á wọlé, ọ̀nà ṣí. Àmọ́ ẹ múra fún àyẹ̀wò tó le. Ní December 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan tú àṣírí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lòun fi gba dìgírì ní yunifásítì kan ní Kùtọnu, ìwé yẹn náà lòun sì fi wọ NYSC. Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba dá àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé báyìí. Àánú àwọn tó fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin jókòó kàwé lóòótọ́ máa ń ṣe mí, torí àwọn oníwàyó ló fà á tí wọ́n fi ń fojú kan náà wo gbogbo wọn. Ẹ tọ́jú ohun gbogbo: ìwé ìgbaniwọlé, èsì ìdánwò sáà kọ̀ọ̀kan, pásípọ́ọ̀tù tó ní òǹtẹ̀ ibodè, rìsíìtì owó ilé-ìwé. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń béèrè nìyẹn.

Báwo ni ọdún náà ṣe pín?

Ipele mẹ́rin ni. Kám̀pù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣáájú. Lọ́dọ̀ wa, Ìsẹ́yìn ni ti Ọ̀yọ́, Ìyànà-Ìpájà ni ti Èkó, Ṣàgámù ni ti Ògùn, Ẹdẹ ni ti Ọ̀ṣun, Ìkàrẹ́-Àkókó ni ti Oǹdó. Fèrè ológun ni yóò jí yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ẹ ó yan bí ológun, ẹ ó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀, ẹ ó sì náwó ní mammy market ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ni ibi iṣẹ́, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí PPA. Ibẹ̀ lẹ ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ wà fún CDS, ìyẹn iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ayẹyẹ ìjáde, POP, ló kẹ́yìn rẹ̀.

Ogun abẹ́lé ló bí ètò yìí. Ogun parí ní 1970. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún 1973, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi Òfin 24 dá NYSC sílẹ̀, kí ọmọ Ìbàdàn lè gbé láàárín àwọn ará Sókótó, kí ọmọ Ẹnúgu náà lè wá jẹ àmàlà ní Ìsẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tó yàtọ̀ sí tiyín ni wọ́n máa ń gbé yín lọ.

Èló ni àláwì?

77,000 náírà lóṣù. 33,000 ni wọ́n ń san láti 2020. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù di 70,000 ní 2024, ìjọba fọwọ́ sí 77,000 fún àwọn àgùnbánirọ̀, ṣùgbọ́n ó di March 2025 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àpò wọn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń fi nǹkan kún un, àwọn ilé-ìwé kan náà ń fi kún un, ọ̀pọ̀ kò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ má fi owó tí ẹ kò tíì rí ṣètò. Ohun tí ilé-ìwé abúlé sábà máa ń fúnni ni yàrá ní ilé kọ́pà, omi kànga, àti àwọn òbí tó máa ń gbé iṣu àti ẹ̀fọ́ wá. Ẹ béèrè nípa ilé lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ dé, kí ẹ tó sanwó ilé fún ẹnikẹ́ni.

Accounting ni mo kà. Kí ló dé tí wọ́n gbé mi sí ilé-ìwé?

Nítorí ibẹ̀ ni àìní pọ̀ sí jù. Ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ohun amáyédẹrùn ni ìlànà NYSC fi ṣáájú, àmọ́ ẹ ka àwọn tó wà ní plátúùnù yín, kí ẹ wo iye dókítà àti ẹnjiníà tó wà níbẹ̀. Ilé-ìwé ló ń gba ìyókù.

Àìtó tíṣà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní nílẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, àwọn ọmọ ya wọ kíláàsì ju ohun tí àwọn tíṣà tó kọ́ṣẹ́ lè gbé lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ìwé jáde ni wọ́n fi dí àlàfo náà, kí wọ́n tó rán wọn lọ kọ́ṣẹ́. UBE, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, dé ní 1999, òfin rẹ̀ jáde ní 2004, àwọn ọmọ tún pọ̀ sí i, àlàfo náà kò sì dí. Nílé-ìwé wa, sáà tí kò bá sí kọ́pà, àwọn kíláàsì kan wà tí kò ní rí tíṣà Maths rárá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó fi yín ṣeré tí wọ́n bá gbé yín wá. Ẹni tó ka Accounting lè kọ́ Accounting, Commerce àti Maths, ó sì máa rí àwọn ọmọ tí kò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé ìwé ìṣirò owó fún wọn rí.

Tí ọ̀gá ilé-ìwé bá ní òun kò nílò yín, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó lu òǹtẹ̀, kí ẹ gbé e padà fún LGI, aṣojú NYSC ní ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n á tún yín gbé sí ibòmíràn. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí kọ́pà máa gbé Èkó kí ọ̀gá máa bá a fọwọ́ sí clearance, ìwé tó ń jẹ́rìí pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, lóṣooṣù. Ó ń ṣẹlẹ̀, a sì mọ̀. Ọmọ JSS2 tó yẹ kó kọ́ ló ń san gbèsè yẹn.

Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni níwèé rí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gba nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ wa kí ẹ tó wọ kíláàsì: scheme of work ti sáà náà, ìwé tí àwọn ọmọ ń lò, àti ìwé àkọsílẹ̀ tíṣà tó kọ́ wọn kẹ́yìn. Ẹ kọ lesson note yín. Ẹ gbé e wá kí n fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ gidi ni. Tí ẹ kò bá lè kọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ọmọ mọ̀ sílẹ̀ ní ìlà kan, ẹ kò tíì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo rí. Kọ́pà kan wá bá wa tó gboyè nínú Físíìsì, ọmọ tó mọ̀wé dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ SS1, ó kọ̀wé kún pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí iná mànàmáná, ó ya àwòrán, ó wá yíjú padà ó ní ṣé ó yé wọn. Gbogbo kíláàsì ké "Yes, sir!" Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí. Mo gba ìwé lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti ya bátìrì, ó ti ya gílóòbù, ó fa wáyà jáde lára bátìrì, ṣùgbọ́n wáyà náà kò kan gílóòbù. Ó dá dúró sí àárín ìwé. Nígbà tí a jáde, mo fi han kọ́pà náà. Lọ́jọ́ kejì ó kó bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti gílóòbù kéékèèké wá, ó pín wọn láàárín àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n tan iná fúnra wọn. Kò kọ ohunkóhun sí pátákó. Ó pẹ́ kí ti àkọ́kọ́ tó tàn, ariwo sì sọ nígbà tó tàn. Ọmọbìnrin tí mo gba ìwé rẹ̀ ló ṣàlàyé fún àwọn tó yí i ká pé ìdí bátìrì náà ni wáyà kejì gbọ́dọ̀ padà sí.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń sọ fún gbogbo kọ́pà pé kí wọ́n yéé béèrè pé "ṣé ó yé yín?" Ẹ ní kí ọmọ ṣe é, kí ẹ wò ó. Ẹ mọ orúkọ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ẹ máa maàkì rẹ́jísítà. Ẹ má gbé ẹgba wọ kíláàsì. Ẹni tí kíláàsì ń bẹ̀rù nítorí ẹgba kò lè mọ ìgbà tí ìwé kò yé wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí mo máa ń ti ilẹ̀kùn sọ. Àkọ́kọ́ ni àárín kọ́pà àti akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lè jẹ́ ọmọ 23, kí akẹ́kọ̀ọ́ SS3 jẹ́ 17, kí ó sì dà bíi pé ẹgbẹ́ ni yín. Ẹgbẹ́ kọ́ ni yín. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má wá sí yàrá yín, ìbáà jẹ́ láti wá fọṣọ tàbí láti wá gba ẹ̀kọ́ àfikún. Kíláàsì wà, ìta gbangba wà. Èkejì ni ìdánwò. Ní àsìkò WAEC àti NECO, ẹnì kan lè wá bá yín pé kí ẹ bá àwọn ọmọ yanjú ìbéèrè, kí wọ́n gbé e wọlé fún wọn. Ẹ kọ̀. Òfin tó wà láti 1999 ń rán ẹni tó bá ṣe é lọ sẹ́wọ̀n, àwọn tó bẹ̀ yín kò sì ní bá yín lọ.

Ṣé ìwé-ẹ̀rí NYSC ti sọ mí di tíṣà?

Rárá. Ó fi hàn pé ẹ sìnrú ìlú ni. Ibí yìí ni àwọn ọmọ wa ti máa ń fi ọdún ṣòfò: wọ́n á kọ́ ọmọ níwèé ní ilé-ìwé aládàáni fún ọdún mẹ́rin márùn-ún pẹ̀lú dìgírì Microbiology, ìjọba á wá gba tíṣà, wọ́n á ní wọn kò tóótun.

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa sọ pé NCE ni ìwé-ẹ̀rí tó kéré jù láti fi kọ́ ọmọ. Tó bá jẹ́ B.Ed., B.A.Ed. tàbí B.Sc.Ed. lẹ gbà, ẹ ti wà lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ B.Sc. tàbí B.A. lásán, ẹ lọ gba PGDE, ìyẹn díplómà iṣẹ́ olùkọ́ fún àwọn tó ti ní dìgírì nínú nǹkan mìíràn. Wọ́n ń ṣe é ní Yunifásítì Ìbàdàn, ní UNILAG, ní NOUN (yunifásítì tí wọ́n ti ń kàwé láti ilé), àti ní NTI, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1976, tó ní ibùdó káàkiri ìpínlẹ̀. Bí ọmọdé ṣe ń ronú, bí a ṣe ń gbé ìdánwò kalẹ̀, bí a ṣe ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ohun tí ẹ ó kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, ẹ ó sì lọ kọ́ ọmọ níṣojú olùyẹ̀wò. Nítorí pé NTI àti NOUN kò ní kí ẹ wá jókòó lójoojúmọ́, àwọn kọ́pà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọdún ìsìnrú tó parí. Mo gba ẹni tí iṣẹ́ yìí bá wọ̀ lọ́kàn nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn PGDE ni TRCN, ìgbìmọ̀ tí òfin 1993 dá sílẹ̀ láti máa forúkọ tíṣà sílẹ̀. Wọ́n ní ìdánwò tiwọn tí wọ́n ń pè ní PQE. Ẹni tó bá yege á gba ìwé-ẹ̀rí àti ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwé TRCN yìí lẹ máa tún nílò tí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ tíṣà rìnrìn àjò, bí ẹ ó ṣe rí i nísàlẹ̀.

Báwo ni èèyàn ṣe ń wọ iṣẹ́ tíṣà ìjọba, ṣé ó sì ń bọ́ni?

SUBEB, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, TESCOM ló ń gba ti girama. Wọn kì í gbà lọ́dọọdún. Tí wọ́n bá fẹ́ gbà, wọ́n á ṣí ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Fọ́ọ̀mù náà kì í pẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kí ìwé yín ti pé sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun fi orúkọ yín sí i, olè ni.

Ipele 8 ni ẹni tó ní dìgírì ẹ̀kọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ipele 7 ni ti NCE. Owó náà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Ẹ bi tíṣà tó wà ní ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ, kó fi pay slip oṣù tó kọjá hàn yín. Ìyẹn dára ju ohun tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò. Ohun kan tó wà fún tíṣà tí kò sí fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba yòókù ni ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2022 gbé e sí ọmọ ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé 60 tàbí 35 ni ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba òfin náà wọlé fún tíṣà tirẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn tó yẹ kó san owó wa lásìkò ló sábà máa ń sọ ọ́. Ọmọ tíṣà náà ń jẹun láyé níbí, ẹ béèrè owó iṣẹ́ yín láìtijú.

Ní ti ilé-ìwé aládàáni: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láìgba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó kọ iye owó àti ọjọ́ ìsanwó sínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń san owó oṣù ní àsìkò ìsinmi gígùn.

Teach For Nigeria ń kọ́? N-Power ń kọ́?

Teach For Nigeria bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ọ̀kan ni lára ẹbí àjọ tó ń jẹ́ Teach For All, tí Teach For America jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́jáde tó mọ̀wé, ohun yòówù tó kà, wọ́n á kọ́ wọn ní iṣẹ́ tíṣà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì gbé wọn sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní àdúgbò tálákà fún ọdún méjì. Èkó, Ògùn àti Kàdúná wà lára ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Wọ́n ń san owó oṣù, wọ́n sì ń ní olùtọ́sọ́nà tó máa ń wá jókòó sí kíláàsì wọn. Ìyẹn gan-an ni mo fi kà á sí: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílò ẹni tó máa wo iṣẹ́ rẹ̀ kó sì bá a sọ òtítọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba kò ráyè ṣe. Kò rọ́pò NYSC o.

N-Power yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2016, wọ́n kó 200,000 ọ̀dọ́ wọlé ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ sí kíláàsì lábẹ́ N-Teach, 30,000 náírà ni wọ́n ń san lóṣù. Àwọn kan nínú wọn ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn nílé-ìwé wa. Ní October 2023 ìjọba dá a dúró, owó oṣù púpọ̀ sì wà tí wọ́n jẹ àwọn ọmọ náà. Nítorí náà, ètò yòówù tí ìjọba bá tún gbé dé, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ló máa parí, ìwé wo lẹ ó gbà níbẹ̀, ta ló ń sanwó. Tó bá jẹ́ owó nìkan ló wà níbẹ̀ láìsí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ fi àsìkò náà ṣe PGDE yín.

Ṣé iṣẹ́ tíṣà lè gbé mi dé òkè òkun?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta tí mo mọ̀ nìyí.

Technical Aid Corps ni àkọ́kọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí ló gbé e kalẹ̀ ní 1987 nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nàìjíríà máa ń rán olùkọ́, dókítà, nọ́ọ̀sì àti àwọn onímọ̀ iṣẹ́ mìíràn lọ fún ọdún méjì sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karibíánì àti Pàsífíìkì. Ẹni tó ti ní ìrírí lẹ́yìn ìsìnrú ìlú ni wọ́n ń mú.

Èkejì ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2023, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ ní Nàìjíríà lè kọ̀wé béèrè fún QTS, ìwé tíṣà tiwọn, láìtún lọ kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo tíṣà: ẹni tó kọ́ṣẹ́ láti kọ́ Maths, sáyẹ́ǹsì tàbí èdè fún àwọn ọmọ ọdún 11 sí 16 ni. Wọ́n á béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ TRCN pé orúkọ yín mọ́, wọ́n á sì béèrè ìrírí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ rí ìdí tí mo fi ń pariwo TRCN.

Ẹ̀kẹta, èyí tó máa ń dùn mọ́ mi nínú jù, ni Fulbright FLTA. Amẹ́ríkà máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ tíṣà láti Nàìjíríà láti wá kọ́ni ní Yorùbá, Haúsá tàbí Ígbò ní yunifásítì wọn fún ọdún ẹ̀kọ́ kan, nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tí àwọn náà á sì máa kẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ka Yorùbá ní yunifásítì, tí àwọn ará ilé ń bi pé kí ló fẹ́ fi ṣe, kó lọ ka fọ́ọ̀mù yẹn dáadáa.

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Wọ́n gbé ọmọbìnrin mi lọ sí òkè ọya, oorun kò kùn mí. Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀rù yín kò ṣàjèjì, màmá, mi ò sì ní sọ pé kò sí nǹkan. Ní 2011, lẹ́yìn ìbò ààrẹ, wọ́n pa àgùnbánirọ̀ mẹ́wàá ní Bauchi tí wọ́n ń bá INEC ṣiṣẹ́. Ní August 2023, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ àwọn ọmọ tó ń ti Úyò lọ sí kám̀pù Sókótó lọ́nà ní Zamfara. Ojú ọ̀nà ni mo máa ń sọ jù. Kí ọmọ yín má rin ìrìn òru. Kó fọ́ ìrìn àjò náà sí méjì. Tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, kó yà sí ilé kọ́pà tàbí bárékè tó bá wà nítòsí. Kó má gbé ibi tó wà sórí Facebook nígbà tó wà nínú ọkọ̀.

NYSC máa ń gba kí wọ́n gbé kọ́pà kúrò ní ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn nítorí ìlera, ààbò, tàbí ìgbéyàwó tó bá jẹ́ obìnrin tó ti wọlé ọkọ. Orí ìkànnì wọn ni wọ́n ti ń béèrè fún un, pẹ̀lú ẹ̀rí: ìwé dókítà láti ilé ìwòsàn ìjọba, tàbí ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ẹ̀rí ibi tí ọkọ ń gbé. Ẹ má sanwó fún ẹni tó bá ní òun mọ èèyàn ní Àbújá.

Ilé-ìwé tí mo ti sìn fẹ́ kí n dúró lẹ́yìn POP. Ṣé kí n gbà?

Ẹ bi ọ̀gá pé ta ló máa sanwó. Ní ilé-ìwé ìjọba, ọ̀gá kò lè gba ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ ìjọba. Ohun tó lè fún yín ni ipò tíṣà PTA, owó tí àwọn òbí ń dá jọ. Owó náà kéré, ó sì máa ń dúró tí ọmọ bá wọ ìsinmi. Mo ti rí àwọn tó fi sáà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ parí PGDE, tí TESCOM sì bá wọn níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó pé. Mo tún ti rí àwọn tó kàn ń dúró, láìka ìwé kankan kún un, títí ọjọ́ fi lọ. Tí ẹ bá gbà, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún PGDE ní sáà kan náà.

Bí ẹ bá gbà, bí ẹ kò gbà, ẹ má lọ láìṣe nǹkan wọ̀nyí. Ẹ kó máàkì àwọn ọmọ àti ìwé àkọsílẹ̀ yín fún tíṣà tó máa gbà á lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì fi ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé hàn án nínú scheme. Ẹ dá ìwé ilé-ìwé padà. Kí ẹ sì gba lẹ́tà ìrírí lọ́wọ́ ọ̀gá, lórí ìwé tó ní orúkọ ilé-ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ parí, àwọn iṣẹ́ tí ẹ kọ́ àti kíláàsì tí ẹ kọ́ wọn. Ẹ gbà á nígbà tí ọ̀gá tó mọ̀ yín ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ọ̀gá kúrò, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ kò sì lè jẹ́rìí ohun tí kò ṣojú rẹ̀.